Bátìrì ilé onítáyà mi kì í kún láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè: níbo ni iná náà ń gbà lọ?

Oníkòkó Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ iná ọkọ̀. Kòkó ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé Ìdànrè àti ní agbègbè Oǹdó, ìrìn kan sì lè gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí n tó padà wálé. Nítorí pé kò sí ibi tí àlejò lè sùn sí ní ọ̀pọ̀ oko tí mò ń dé, mo ní kí wẹ́dà kan bá mi ṣe ilé kékeré onítáyà méjì tí ọkọ̀ mi, Toyota Highlander tòkunbọ̀ ti ọdún 2006, lè máa fà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì kan, gílóòbù méjì, fáànù kan àti fíríìjì kékeré tó ń lo iná bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Fíríìjì yẹn kì í ṣe ti fàájì. Abẹ́rẹ́ insulin mi ló wà níbẹ̀, bí ó bá sì gbóná, ìrìn ti parí nìyẹn.

Bátìrì olómi ni bátìrì ilé náà, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ínfátà, 12V, 100Ah (Ah ni áàmpù-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́). Ẹni tó bá mi fa wáyà mú wáyà 2.5 (mm²) láti ẹnu bátìrì ọkọ̀, ó gbé e gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ó sì fi pọ́lọ́ọ̀gì oníhò méje so ó mọ́ ilé náà. Ó sọ fún mi pé bí mo bá ti ń wa ọkọ̀ lọ ni bátìrì náà yóò máa kún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kúrò nílé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú bátìrì tó kún dẹ́múdẹ́mú, mo dé oko ní Ìdànrè, mo sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mítà ka 12.1. Mo wa ọkọ̀ lọ sí abúlé mìíràn, mo wà á padà, síbẹ̀ fíríìjì kú ní òru ọjọ́ kejì. Ṣé bátìrì ńlá ni kí n rà ni, àbí lithium tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n tún fi owó ra ohun tí kò ní yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Rẹ́wáyà Road Block

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù díẹ̀ kí eré ẹ́ńjìnnì lè ga ju ti ìdúró lásán lọ. Ẹ jẹ́ kí fíríìjì máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn ẹnu bátìrì ọkọ̀, kí ẹ sì wọn ẹnu bátìrì tó wà nínú ilé náà. Orí irin bátìrì gan-an ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà lé o, kì í ṣe ara wáyà.

Oníkòkó Ọ̀bà-Ilé

Mo ti wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ti ọkọ̀ ka 13.9. Ti ilé ka 12.9. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà.

Rẹ́wáyà Road Block

Ẹ ṣé tí ẹ tètè dáhùn. Fólítì kan gbáko ló sọnù láàárín bóńẹ́ẹ̀tì àti ilé tí ẹ ń fà, wáyà ló sì jẹ ẹ́. Alternator yín, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń pèsè iná, kò ní àrùn kankan, nítorí 13.9 dára fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í gba iná àfi bí fólítì tó dé ẹnu rẹ̀ bá ga ju tirẹ̀ lọ dáadáa: 14.2 sí 14.4 ni a ń fẹ́ kí ó tó kún tán, 13.6 sì lè kún un díẹ̀díẹ̀. Ní 12.9, fíríìjì yín ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń dé ibẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń ṣẹ́kù fún bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ kí ó lè yé gbogbo ẹni tó ń kà á. Láti bátìrì ọkọ̀ dé inú ilé náà, mo fojú bù ú sí mítà 8. Iná máa ń lọ, ó sì máa ń padà, nítorí náà mítà 16 ni a ó kà. Wáyà bàbà 2.5 tó gùn tó mítà 16 ní ìdènà tó tó nǹkan bíi ohm 0.11. Bí áàmpù 8 bá gba inú rẹ̀ kọjá, nǹkan bíi fólítì 0.9 ti di ooru sínú wáyà, ìyẹn sì bá ohun tí mítà yín kà mu. Bí a bá fi wáyà 16 rọ́pò rẹ̀, ìdènà náà di ohm 0.0175, èyí tó túmọ̀ sí pé bí áàmpù 20 tilẹ̀ ń kọjá, fólítì 0.35 péré ni yóò sọnù. Wáyà 10 náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó fa wáyà yìí, nítorí náà 16 ni èmi yóò fà bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ tèmi.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ bó orí rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha irin inú rẹ̀. Bí ó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ọ̀nà méjì ni kí ẹ fa wáyà: ọ̀kan fún pọ́sítíìfù, ọ̀kan fún nẹ́gátíìfù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa rẹ́wáyà máa ń so nẹ́gátíìfù mọ́ irin ọkọ̀, a ó sì gbà pé irin tí a fi kọ́ ilé náà mọ́ ọkọ̀ yóò gbé iná padà. Ibi tí irin ti ń kan irin yẹn máa ń dípẹtà, ó máa ń mì, gírísì sì wà lára rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ mẹ́ta tí wàhálà wọn kò ju ibẹ̀ lọ.

Fúùsì ni ohun tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò. Ẹ fi fúùsì áàmpù 50 sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì ọkọ̀, kí ẹ fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì ilé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má jìnnà sí ẹnu bátìrì ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ìdí tó fi jẹ́ méjì ni pé bátìrì wà ní orí wáyà yẹn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Bí ara wáyà bá bó lábẹ́ ọkọ̀ tó sì kan irin, bátìrì méjèèjì ni yóò máa tú iná sí ojú ibẹ̀, fúùsì kan ṣoṣo kò sì lè dá méjèèjì dúró. Ẹ ń sùn nínú ilé yìí, ẹ̀gbọ́n.

Pọ́lọ́ọ̀gì oníhò méje yẹn dára fún iná ẹ̀yìn, tíráfíkétọ̀ àti bíréèkì, ṣùgbọ́n wáyà 16 kò lè wọ ihò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì gbóná bí áàmpù bá pọ̀. Ẹ ra pọ́lọ́ọ̀gì Anderson áàmpù 50 fún bátìrì nìkan. Àwọn tó ń ta ohun èlò ínfátà mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkúrẹ́

Rẹ́wáyà ti sọ òótọ́, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣírò rẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ fi ìṣírò kejì kún un, torí bí wáyà náà bá dára tó tilẹ̀ jẹ́ wúrà, ọ̀rọ̀ yín kò ní parí síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ilé yín ń jẹ lójúmọ́. Bí fíríìjì náà bá ń lo wáàtì 45 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́ nítorí ooru ilẹ̀ wa, ó tó wáàtì-wákàtí 540, ìyẹn Ah 45 bí a bá fi fólítì 12 pín in. Fáànù wáàtì 15 fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ Ah 10. Gílóòbù méjèèjì jẹ́ bíi Ah 3, fóònù àti kọ̀ǹpútà sì jẹ́ bíi Ah 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ah 63. Bátìrì olómi 100Ah kò sì yẹ kí ó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé Ah 50 ni ẹ ní lọ́wọ́. Mítà yín ka 12.1 ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nítorí pé ìdajì ti lọ, ó tilẹ̀ ti kọjá ìdajì díẹ̀.

Wàyí o, Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ. Ká sọ pé ìṣẹ́jú 45 ni ẹ lò lójú ọ̀nà, tí wáyà tuntun sì ń gbé áàmpù 15 wọlé: Ah 11 ni ẹ ó rí. Bí ó bá jẹ́ Oǹdó ni ẹ ń lọ, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 50, ẹ lè rí Ah 20. Àwọn tó ń fa irú ilé yìí ní Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà lè wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé ọkọ̀ ló ń kún bátìrì wọn. Ọ̀nà tiwa kúrú. Ìrìn yín kò lè dá bọ́ fíríìjì yẹn láéláé, bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ sójú kan tí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, epo ni ẹ ó máa jó, nítorí alternator kì í mú iná púpọ̀ jáde nígbà tí eré ẹ́ńjìnnì bá wà nílẹ̀.

Ọmọ Alágbàká

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọ̀gá. Kí ló dé tí kò fi ra lithium 100Ah kan ṣoṣo? A lè lo Ah 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀ láìbà á jẹ́, ó fúyẹ́, ó sì ń yára gba iná. Èmi yóò kàn yọ ti àtijọ́, n ó sì gbé tuntun sípò rẹ̀.

Rẹ́wáyà Road Block

Àbúrò mi, òótọ́ ni ohun tí o sọ nípa Ah 80, ṣùgbọ́n "yọ ọ́ kí o gbé e sípò" yẹn ló ń ba alternator jẹ́. Bátìrì lithium tí iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dúró bí ti olómi. Gbogbo áàmpù tí wáyà bá lè gbé ni yóò máa fà. Bí a bá ti wá fa wáyà 16, alternator yóò máa ṣiṣẹ́ dé góńgó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí atẹ́gùn tó ń tù ú kéré, títí tí yóò fi jóná. Ẹni tó bá fẹ́ lithium gbọ́dọ̀ fi ṣájà DC-DC sáàárín, irú èyí tí Victron tàbí Renogy ń ṣe. Ẹ̀rọ yẹn ni yóò pinnu pé áàmpù 20 tàbí 30 ni kí ó kọjá, yóò sì gbé fólítì rẹ̀ dé ibi tí bátìrì ń fẹ́.

Ṣájà yẹn pọn dandan pẹ̀lú fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà wọn ń dín fólítì alternator kù nígbà tí bátìrì ọkọ̀ bá ti kún, kí ọkọ̀ lè dín epo jíjẹ kù. Mo ti wọn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà rí tí ó ka 12.6, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń sáré. Ṣùgbọ́n Highlander 2006 tí ẹ̀gbọ́n ní ń mú 13.9 jáde láìyí padà. Pẹ̀lú bátìrì olómi rẹ̀, rìlé tó ń wo fólítì ti tó: bí bátìrì ọkọ̀ bá dé 13.3, yóò so méjèèjì pọ̀. Bí ó bá jábọ́ sí 12.8, yóò já wọn. Lọ́nà yìí, fíríìjì kò ní fa bátìrì ọkọ̀ gbẹ ní òru, ọkọ̀ yóò sì jí láàárọ̀.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkúrẹ́

Èmi ì bá fẹ́ ṣájà DC-DC fún un síbẹ̀, nítorí 13.9 kì í kún bátìrì olómi tán, bátìrì tí kì í kún tán a sì máa tètè kú. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà nílé rẹ̀ tí ó sì ń fi ṣájà ilé kún un tán kí ó tó jáde, mo gbà pé rìlé yóò ṣe é.

Ìyá Olóko, Ìdànrè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣebí jẹnẹrétọ̀ kékeré wà. Àwa tí a wà lóko, òun la fi ń ṣáájì fóònù. Mo rí ihò 12V lára tèmi.

Rẹ́wáyà Road Block

Ẹ kú oko, Màmá. Ihò yẹn kò gbé ju nǹkan bí áàmpù 8 lọ, kò sì mọ ìgbà tí bátìrì kún, nítorí náà ó lè se omi inú rẹ̀ gbẹ. Ó sàn kí wọ́n ki ṣájà bátìrì gidi bọ ihò iná ńlá rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, kí jẹnẹrétọ̀ má sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé ilé tí ènìyàn ń sùn sí. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun, kò sì ní òórùn tí yóò fi jí i. Ní ọ̀sán nìkan ni kí wọ́n tàn án.

Sólà Ìjàpọ̀

Mo ti ń dúró de ibi yìí nínú ọ̀rọ̀ náà. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 200 ni yóò bọ́ fíríìjì yẹn. Bí a bá ka oòrùn gidi sí wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, tí a sì yọ ohun tí ooru, eruku àti wáyà ń jẹ, wáàtì-wákàtí 600 ló kù, ìyẹn Ah 50. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí kùrukùru òjò kì í kúrò lójú sánmọ̀, ẹ má retí ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí wọ́n kan gbogbo rẹ̀ mọ́ òrùlé ilé náà. Ibo ni oníkòkó máa ń gbé ọkọ̀ sí? Abẹ́ igi ni. Òjìji ẹ̀ka kan ṣoṣo tó bá ìdá mẹ́rin pánẹ́ẹ̀lì lè pa ju ìdajì iná rẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ojú inú rẹ̀ so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú òwú kan. Nítorí náà, ẹ ra pánẹ́ẹ̀lì tí a lè gbé kalẹ̀, ẹ fún un ní wáyà 6 tó gùn tó mítà mẹ́wàá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sá kòkó. Kò sí oko kòkó tí kò ní ibi tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, torí láìsí i kòkó wọn yóò bu. Ní ìgbà tí kòkó bá pọ̀ jù lọ, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá lọ, òjò ti ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi àkísà tútù nu ojú rẹ̀ ní àràárọ̀, nítorí eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé.

Ẹ má so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì lójúkojú. Ẹ̀rọ tó ń darí iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín, oríṣi méjì ló sì wà, MPPT àti PWM: MPPT ni kí ẹ rà bí owó bá wà, torí ó ń mú iná jáde ju PWM lọ.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti insulin. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Èyí tí ẹ ti ń lò lè wà níta fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lọ sóko. Èyí tí ẹ nílò fún ìrìn náà àti ọ̀kan fún ìpamọ́ ti tó, kí ìyókù wà nílé. Ẹ fi téńpéréṣọ̀ mítà kékeré sínú fíríìjì pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá gbóná lóru.

Oníkòkó Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi létí. Mo ní ìbéèrè kan: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bátìrì náà wà. Ṣé kò burú?

Rẹ́wáyà Road Block

Ó burú gan-an. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì háídírójìn jáde nígbà tó bá ń gba iná, gáàsì yẹn sì lè gbaná bí iná kékeré bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe àpótí fún un níta, níwájú, lórí irin tí ọkọ̀ fi ń fà á, kí àpótí náà ní ihò afẹ́fẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Wáyà yóò tún fi mítà kan dín kù. Bí ẹ bá sì ṣí i, ẹ wo omi rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì (distilled water) ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe áásíìdì, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ sọ pé áásíìdì ni yóò jẹ́ kí ó lágbára.

Oníkòkó Ọ̀bà-Ilé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì padà wá jíyìn. A fa wáyà 16 méjì, a fi fúùsì sí orí méjèèjì, a fi rìlé àti pọ́lọ́ọ̀gì Anderson sí i, bátìrì sì ti bọ́ sínú àpótí níta. Nígbà tí mo tan ọkọ̀, ti ọkọ̀ ka 13.9, ti ilé ka 13.6. Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́. Mo tún ra pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 200.

Mo lọ sí oko ẹ̀yìn Ìdànrè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì padà délé ní ọjọ́ Ẹtì. Àgbẹ̀ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún pánẹ́ẹ̀lì náà ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tó ń sá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá mi yí i tẹ̀lé oòrùn. Mo rí i pẹ̀lú pé ẹ̀yìn fíríìjì ló kọjú sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí irin ilé náà ti ń gbóná jù, nítorí náà mo gbé e sí òdìkejì. Láti ìgbà náà ni ó ti dín iṣẹ́ kù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mítà ka 12.4. Ọjọ́ kẹta, òjò ṣú láti ọ̀sán, ó ka 12.3 ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Fíríìjì kò kú rárá, abẹ́rẹ́ mi sì wà ní dígírì 5 títí mo fi délé.

Rẹ́wáyà Road Block

Inú mi dùn púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ bá tún jáde, ẹ wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú ogún, ẹ dúró, kí ẹ fi ọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gì Anderson, ibi tí fúùsì wà àti ẹnu bátìrì méjèèjì. Èyíkéyìí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ìdè rẹ̀ kò le tó. Ẹ gbé e wá, n ó fún un le.